Atọ́miwò Ìpadò

Dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀ tutù. Ìbídùn gbé e lé ìhà ọ̀tún Olúgbódi, lábẹ́ egungun tó kẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

"Ẹ mí sínú, bàbá."

Ó mí sínú.

"Ẹ má tíì mí síta."

Kò mí síta. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó pagbo yí kànga ká náà ò mí. Gbogbo Ìpadò nìyẹn, tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn wọn, ní etí pápá, ọkọ̀ akẹ́rù méjì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Kò sí awakọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Àjọ Ẹ̀dọ̀ kì í rán ayẹ̀dọ̀wò wá ṣí kànga kí wọ́n má rán ọkọ̀ tẹ̀lé e. Bí omi bá dára, ọkọ̀ á padà lófìfo. Bí kò bá dára, abúlé á wọ inú rẹ̀.

Dígí dún. Ìbídùn wò ó. Ó fi aṣọ nù ún, ó tún gbé e lé ibẹ̀, ó tún wò ó.

"Méjìlélọ́gọ́ta," ó wí.

Ariwo ta. Baálẹ̀ Pópóọlá, ọkùnrin kúkúrú tí kì í lè dúró lójú kan, fò sókè bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀kànlélọ́gọ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀! Ó mu omi wa fún ogójì ọjọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lọ sílẹ̀, ó tún fi ọ̀kan lé e! Ayẹ̀dọ̀wò, kì í ṣe kànga la gbẹ́ o. Ìkòkò àgbo la gbẹ́!"

"Baba Kòkúmọ́, ẹ rọra o," obìnrin kan kígbe sí Olúgbódi látẹ̀yìn. "Bẹ́ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ẹ ó padà di ọmọ ọwọ́ mọ́ wa lọ́wọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúgbódi fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọ̀kan tó lé yẹn ló ń rò. Ó ti rí ẹ̀dọ̀ tó dúró lójú kan. Ó ti rí èyí tó lọ sílẹ̀, kò níye. Èyí tó gòkè, àwọn ará Òkè nìkan ni wọ́n ń sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn tí omi inú ìgò kò wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ará Òkè ni. Ìgò omi rẹ̀ so mọ́ ìgbànú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wá sí Ìpadò, kò sẹ́ni tó rí i kó mu omi abúlé.

Olúgbódi fi ojú wá ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó wọ awò dúdú, ó ká ọwọ́ méjèèjì sínú ìborùn. Kò jó pẹ̀lú wọn. Ó ń fi èékánná họ apá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń họ ọ́.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó fi àtàǹpàkò tẹ òǹtẹ̀ orí ìdérí. Irin ni ìdérí náà, ó nípọn bí ọwọ́ méjì. Ó ya sí méjì, iná pupa kan sì tàn létí rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wà lójú iná náà. Lójijì ó di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Ẹ mọ òfin," Ìbídùn wí. "Atọ́miwò á mu. Lẹ́yìn rẹ̀, aboyún á mu. Bí ẹnu kejì ò bá kan omi kí iná tó kú, ìdérí á padé, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ á sì tú sílẹ̀. Èmi gan-an ò ní lè ṣí i mọ́."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Abíọ́nà béèrè. Òun ni aboyún náà. Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí nígbà tí abúlé ń ṣí lọ lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ àti ẹnu líle. "Ẹ̀yin ará Òkè lẹ́rọ fún gbogbo nǹkan. Ẹ ò ṣe fi ẹ̀rọ yẹ omi wò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n lọ sùn?"

"A ti ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀," Ìbídùn wí. "Ẹ̀rọ náà mọ ọgọ́rùn-ún májèlé. Èyí tó pa àwọn ará Àgbède, òun ni ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún."



Wọ́n fa garawa àkọ́kọ́ sókè. Baálẹ̀ bu omi sínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Olúgbódi. Ẹni tó bá bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí ikú nídìí igbá. Báyìí ni àwọn baba wọn ti ń ṣe é kí Àjọ tó dé ayé. Àjọ kàn gba àṣà náà lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún atọ́miwò, wọ́n sì fi ogójì ọjọ́ kún un.

Olúgbódi gbé igbá sẹ́nu. Ó mu ún. Ó gbé e mì.

Ìgbà náà ni ahọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ.

Omi tó ń mu láti ogójì ọjọ́ kò ní adùn kankan. Bí ẹni ń mu atẹ́gùn tútù ni. Èyí rí bí ẹ̀yìn ṣíbí irin. Ó yọ̀ díẹ̀ lórí ahọ́n, bí ẹni pé òróró kan fara pamọ́ sínú rẹ̀, nígbà tó sì dé ọ̀fun, ó họ ọ́ níbẹ̀. Ó tún mu díẹ̀. Bákan náà.

Kì í ṣe omi kan náà.

Abíọ́nà ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé e wá, bàbá. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, ó ń ta mí nípàá."

Ọwọ́ rẹ̀ kan igbá. Ó fà á. Igbá kò tẹ̀lé e. Ó gbójú sókè.

"Bàbá?"

"Mo fẹ́ lọ tọ̀," Olúgbódi wí.

Ẹ̀rín gba gbogbo pápá. "Ẹ ò rí i pé omi náà ń ṣiṣẹ́!" Baálẹ̀ kígbe. "Kò tíì dénú tán, ó ti ń wá ọ̀nà!"

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó wo iná. "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló kù, bàbá."

Olúgbódi gbé igbá fún un. "Bá mi mú un. Má fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi dé."

Ó gba ẹ̀yìn àwọn obìnrin kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kò dúró. "Tẹ̀lé mi," ó wí.

Ilé wọn kò jìnnà. Àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ike àtijọ́ ṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọ̀n ìrì sì wà lórí òrùlé rẹ̀ bí ti gbogbo ilé tó kù. Ìgò méjì ni ìrì ń fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ó tó kí ènìyàn má kú. Kò tó kí abúlé wà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ kànga.

Ó jẹ́ kí Àwẹ̀ró wọlé, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Omi wo lo ń fún mi mu?"

Àwẹ̀ró wo ibi àmù. Àmù méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Olúgbódi ò tíì ṣí wọn rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin Ìpadò kì í débi àmù. Láràárọ̀, Baálẹ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí páìpù Àjọ ń fà láti inú kànga wá, pẹ̀lú èdìdì Àjọ lórí rẹ̀. Láràárọ̀, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, á gbé ife sọ́wọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì á padà lófìfo, ẹ̀rọ Àjọ á wọ̀n ọ́n, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tán. Wọ́n ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì ní àlọ, wọ́n ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Kò sẹ́ni tó ronú láti ṣọ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Òun náà ò rò ó.

"Àwẹ̀ró."

"Omi ìrì ni," ó wí. "Tiyín àti tèmi."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Omi kànga ńkọ́? O dà á nù?"

Àwẹ̀ró wò ó bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wèrè. "Ta ló ń da omi nù ní Ìpadò?"

Olúgbódi jókòó lórí àpótí. 

"Yọ awò ojú ẹ."

"Baba Kòkúmọ́—"

"Yọ ọ́."

Kò yọ ọ́. Olúgbódi dìde, ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Ó wo apá rẹ̀. Èékánná ti la ọ̀nà síbẹ̀, òmíràn ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ó ti rí i rí, nínú ilé tiwọn. Kòkúmọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó dàgbà, ń fọ́ bátìrì àtijọ́ tà nígbà tí wọ́n ń gbé ní Ẹ̀bá-Òjé. Ara yíyún ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí tíì. Lẹ́yìn náà ojú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kú. Nínú ìyàngbẹ ẹ̀ẹ̀rùn yìí, Olúgbódi ti ń rí ìyàwó rẹ̀ tó ń họra, ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọyẹ́ ni.

"Kí ló mú ọ ṣe é?"

"Ọ̀kànlélọ́gọ́ta lẹ̀dọ̀ yín," Àwẹ̀ró wí. "Tèmi jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo lọ bá Baálẹ̀ pé kó jẹ́ kí n dúró fún yín. Ó ní olórí ilé lòfin wí. Mo ní ó dáa. Mo wálé."

"O wálé."

"Èmi ló ní èyí tó pọ̀ jù. Bí omi bá máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ lára ẹni tó ní."

"Ṣé díẹ̀ ló jẹ?"

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò dára?"

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo fẹ́ sọ, Ọlọ́run ń gbọ́! Mo jáde, ìyá Abíọ́nà dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní ẹ ṣeun, a ò ní ṣí mọ́. Mo padà sílé. Mo ní ọ̀la ni n ó sọ. Lọ́la, wọ́n ti ń tún òrùlé ṣe. Wọ́n ń gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀bá kànga." Ó tún ń họra. "Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá inú tèmi nìkan ni. Bóyá ara àgbà ni."

"Abíọ́nà ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Oyún oṣù méje."

"Mo ní mo mọ̀!"

Ohùn rẹ̀ já. Láti ìta, ohùn Baálẹ̀ dé: "Olúgbódi! Ṣé ọ̀sà lo fẹ́ tọ̀ kún ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti ń tín-ín-rín.

"Bí mo bá sọ ọ́," Olúgbódi wí, "wọ́n á gbé dígí lé ọ."

"Mo mọ ibi tó ń já sí."

Òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ àádọ́ta, ọkọ̀ pupa ni tirẹ̀, Ọgbà Àádọ́ta ló sì ń gbé e lọ. Wọ́n ní oògùn wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ibẹ̀ bọ̀ rí tó máa sọ bí oògùn náà ṣe korò sí. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sàn kì í wọ ibẹ̀, ì báà ṣe ìyá, ì báà ṣe ọkọ. Oko Òkè ni wọ́n ń kó àwọn yẹn lọ, nínú ọkọ̀ funfun.

Méjìlélọ́gọ́ta. Omi ìrì tirẹ̀ àti tìyàwó rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì," ó wí.

"Méjìdínlógójì," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ kì í ka èyí tẹ́ ẹ fi ń tọ bàbá mi lẹ́yìn nítorí mi."

Olúgbódi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé awò dúdú náà lé e lọ́wọ́, ó sì jáde. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Kò tíì mọ̀ ọ́n.

Láti ẹnu ọ̀nà sí kànga, ó tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Ó rìn ín jẹ́jẹ́. Ó rò pé kí òun da igbá náà nù bí ẹni tó kọsẹ̀. Wọ́n á bu òmíràn. Ó rò pé kí òun sọ ọ́ sétí Abíọ́nà pé kó kàn fi ètè kàn án. Ẹnu á ti kan omi, kànga á wà ní ṣíṣí, ọ̀la àwọn ọmọdé á gbé ife wá. Ó rò pé kí òun dákẹ́. Àwẹ̀ró á wà nílé lálẹ́ òní. Ó ṣeé ṣe kó wà fún oṣù kan sí i, kí ojú ẹ̀ máa pọ́n sí i lábẹ́ awò. Lẹ́yìn náà, ojú Abíọ́nà. Lẹ́yìn náà, ojú ọmọ tí a ò tíì bí.

Nígbà tó dé ibẹ̀, iná wí pé mẹ́sàn-án.

Ìbídùn ṣì mú igbá dání. Abíọ́nà ti dìde lórí eékún, ó ti jókòó lórí òkúta. Nígbà tó rí i, ó tún kúnlẹ̀.

"Omi tí mo mu láti ogójì ọjọ́," Olúgbódi wí, "kì í ṣe omi yìí."

Kò gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn ti iwájú pé kí ló wí.

"Kí lo wí?" Baálẹ̀ bi í.

"Ahọ́n mi mọ̀ ọ́n. Omi yìí ò dára."

"Ahọ́n rẹ!" Baálẹ̀ yí sí àwọn ènìyàn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. "Ahọ́n àgbà ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ìyẹn tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí eérú! Olúgbódi, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Méjìlélọ́gọ́ta!"

"Bàbá," Ìbídùn wí, "mi ò lè kọ ahọ́n sínú ìwé. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni mo lè kọ. Tiyín dára."

"Mo mọ̀."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ kó mu."

Baálẹ̀ ti gba igbá lọ́wọ́ Ìbídùn. Ó súnmọ́ Olúgbódi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí nìkan ló gbọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti ṣí ní ọgbọ̀n ọdún. Oṣù mẹ́jọ la fi gbẹ́ kànga yìí, ọwọ́ la fi gbẹ́ ẹ. Wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sin ìyàwó mi sínú ilẹ̀ yìí, Olúgbódi. Má ṣe èyí sí mi."

"Baálẹ̀, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Dákẹ́ ni mo ní kó o dákẹ́."

Ó yí padà, ó gbé igbá fún Abíọ́nà. "Mu ún, ọmọ mi. Àgbà ti ń ṣarán."

Iná wí pé mẹ́fà.

Abíọ́nà gba igbá. Ó gbé e dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ó dúró. Ó wo Olúgbódi láti orí etí igbá.

"Bàbá, ẹ wò mí lójú. Kí n mu ún?"

"Má mu ún."

"Kí ló dé? Ẹ sọ ọ́. Wọn ò lè lé mi kúrò nílé mi nítorí pé ahọ́n yín ò fẹ́ nǹkan. Kí ló dé?"

Olúgbódi ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, òun fúnra òun ló máa fi ọwọ́ ara òun gbé ìyàwó òun sínú ọkọ̀ yẹn. Iná di márùn-ún.

"Nítorí pé ìyàwó mi mu ún," ó wí.

Gbogbo ojú yí sí ilé. Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ awò. Ó ń bọ̀ láàárín pápá, oòrùn sì wà lójú rẹ̀, kò sí ẹni tí kò rí i. Obìnrin kan gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ìyá Abíọ́nà ké igbe kan ṣoṣo.

Àwẹ̀ró dé iwájú Ìbídùn, ó gbé etí bùbá rẹ̀ sókè ní apá ọ̀tún.

"Wò ó kíá," ó wí. "Kí iná yín tó kú."

Ìbídùn gbé dígí lé e.

"Ẹ mí sínú, mà."

Àwẹ̀ró mí sínú. Dígí dún. Ìbídùn wò ó, kò sì tún un wò.

"Mẹ́tàlélógójì."

Abíọ́nà gbé igbá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn. Ó fi ẹsẹ̀ tì í jìnnà. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

Baálẹ̀ wo igbá. Ó wo iná. Mẹ́ta. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ náà jẹ́ ẹnu. Bó bá mu ún báyìí, bóyá òfin á gbà á, bóyá kò ní gbà á. Ó tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wo ojú Àwẹ̀ró. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ.

Wọ́n dúró títí iná fi kú. Ìdérí padé. Lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbọ́ sìmẹ́ǹtì tó ń ṣàn wọ inú ihò náà, ó pẹ́ kó tó kún. Ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ fún un lọ́yàn.

"Mo gbọ́dọ̀ ka orúkọ," Ìbídùn wí nígbẹ̀yìn. Ó ń wo ìwé rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. "Àwọn tó lé ní àádọ́ta, ọkọ̀ funfun. Ẹ lè mú ẹrù tí apá kan bá lè gbé. Màmá…" Ó dúró. "Màmá Àwẹ̀ró, ọkọ̀ pupa."

"Mo gbọ́," Àwẹ̀ró wí.

Kò lọ mú ẹrù kankan. Ó rìn lọ síbi ọkọ̀ pupa, ó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ó jókòó. Ìjókòó wà fún ogún ènìyàn nínú rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Olúgbódi wọlé, ó mú ìborùn tí Àwẹ̀ró gbàgbé sórí àpótí. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ funfun. Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ pupa, ó fi ìborùn bo èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún: fíìn, fíìn, fíìn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́ padé, ó dé ìdajì, ó tún padà ṣí.

Ìbídùn sáré wá. "Bàbá, kì í ṣe ọkọ̀ yín nìyí."

"Mo mọ̀."

"Ọkọ̀ ti mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ yín lé ní àádọ́ta. Kò ní tì. Bí kò bá tì, kò ní rìn."

"Mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè fi ọwọ́ kàn yín."

"Má fi ọwọ́ kàn mí, nígbà náà."

"Baba Kòkúmọ́," Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́, "ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti ṣe tiyín."

Olúgbódi gba ọwọ́ rẹ̀ tó ń họ apá, ó dì í mú kó má baà lè họ ọ́ mọ́.

Ìbídùn dúró nínú oòrùn. Ilẹ̀kùn wá, ó padà. Ó wá, ó padà. Nígbà tó yá, ẹnìkan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abíọ́nà ni. Ó di ọwọ́ mú ẹ̀bá àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Níbo lẹ ń lọ?" Ìbídùn bi í. "Méjìdínláàádọ́rin ni tiyín!"

"Mi ò lọ síbì kankan. Mo fẹ́ jókòó ni. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ọkọ̀ funfun ní ìjókòó."

"Ó jìnnà jù."

Ó wọlé, ó jókòó níwájú àwọn méjèèjì, ó na ẹsẹ̀. Ọkọ̀ dún kíkan sí i. Àwẹ̀ró wo ọmọbìnrin náà.

Fóònù tó wà lápá Ìbídùn tàn. Ohùn ọkùnrin kan jáde nínú rẹ̀ láti Òkè, ohùn ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ pupa ò tíì kúrò ní Ìpadò. Kí ló ń dá a dúró? Ẹni mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

Ìbídùn wo inú ọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín pápá, Baálẹ̀ Pópóọlá ti dìde nílẹ̀. Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń bọ̀ síbi ọkọ̀ pupa. Àwọn kan ti ń tẹ̀lé e.

"Mi ò tíì mọ̀, sà," ó wí.